Odò Tó Ń Gun Òkè

Afinimọ̀nà là ń pè é níbi iṣẹ́, ẹ̀fẹ̀ sì ni orúkọ náà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí èmi àti òun jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá rán an lọ ra bébà ní ṣọ́ọ̀bù kan tó wà ní òdìkejì títì. Wákàtí kan ààbọ̀ ló fi lọ. Nígbà tó máa fi dé, ó ti rin àdúgbò mẹ́ta já. Bébà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n rán an kọ́ ló ti rà á, kò tiẹ̀ fojú kan ibẹ̀. Ayàwòrán wa, obìnrin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ tutù mọ́ òun lẹ́nu, ló pariwo pé, "Ẹ kú ewu o! Afinimọ̀nà ti dé!" Bí orúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtajà oògùn gbọ́, òun náà sì gbà á lò. Tó bá pe ọ́fíìsì nírọ̀lẹ́, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Afinimọ̀nà yín ti kúrò níbẹ̀, àbí kí n wá mú un?"

Mo ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ohun tó ṣe tó ṣì ń dùn ún títí dòní, kì í ṣe ìkà ló mú kó ṣe é.

Géèmù là ń ṣe. Yàrá mẹ́ta la háyà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ kan. Tí gbogbo wọn bá tẹ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà nísàlẹ̀, tábìlì wa á máa gbọ̀n, tíì inú ife á máa jó. Mẹ́rin péré ni wá: ọ̀gá tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, ayàwòrán, Afinimọ̀nà tó ń kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, àti èmi. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣeré náà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, kí n máa wá ibi tó ti bàjẹ́. Arídìí ni wọ́n ń pè mí. Ìyá mi ò tíì gbà títí dòní pé iṣẹ́ nìyẹn.

Ìràwọ̀ Jíjìn lorúkọ géèmù náà. Ẹni tó bá ń ṣe é á wọ ọkọ̀ òfurufú kékeré kan, á máa ti ayé kan dé òmíì lójú ọ̀run, á máa sọ̀ kalẹ̀, á máa wò ó bóyá òkè ló wà níbẹ̀ ni, àbí aṣálẹ̀, àbí òkun. Àwọn ayé náà kò lóǹkà, kò sì sẹ́nì kankan nínú wa tó jókòó yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ló ń dá wọn. Bí Afinimọ̀nà ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àlejò nìyí: ayé kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tiẹ̀, nọ́mbà yẹn dà bí irúgbìn, ìlànà tí òun kọ sì dà bí ilẹ̀. Tó o bá gbin irúgbìn kan náà sínú ilẹ̀ kan náà, igi kan náà ló máa hù, ewé kan ò ní yẹ̀. Torí náà a kì í tọ́jú ayé kankan pamọ́, nọ́mbà nìkan la ń tọ́jú. Tí èèyàn bá padà sí ayé tó ti dé rí, kọ̀ǹpútà á tún un dá lójú ẹsẹ̀, gbogbo òkúta á sì wà níbi tí wọ́n wà lánàá.

"Tó o bá wá yí ilẹ̀ padà ńkọ́?" ni mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Hẹn-ẹn," ló wí, "igi mìíràn nìyẹn." A jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì yà síbòmíì.

Nígbà tá a kọ́kọ́ débẹ̀, bọ́tìnnì kan wà nínú géèmù náà. Tó o bá ti sọ̀ sórí ayé kan, wàá tẹ bọ́tìnnì, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ á sì tò síwájú ẹ: òkè mélòó, omi mélòó, ẹranko mélòó. Ó parí. O lè máa lọ. Afinimọ̀nà kórìíra bọ́tìnnì yẹn bí ẹni kórìíra ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. "Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní ká ṣàwárí ilẹ̀?" á ní. "Ẹni tó ti mọ ohun tó wà lẹ́yìn òkè kó tó gùn ún, kí ló ń gùn ún fún?" A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó ń sọnù láàárín títì méjì ló ń kọ́ni nípa ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n mo rò pé ibi tó ti mọ̀ ọ́n gan-an nìyẹn. Ẹni tó mọ̀nà kì í wo ọ̀nà. Òun, tó bá jáde, gbogbo igun ilé ló ń wò, kó má bàa ṣìnà.

Ọdún kan gbáko ló fi yọ bọ́tìnnì yẹn kúrò. Látìgbà náà, tó o bá sọ̀ kalẹ̀, o ò mọ nǹkan kan. Ojú ẹ lo ní, àti afẹ́fẹ́ tó wà nínú àpò tó o gbé kọ́ ẹ̀yìn, ìyẹn náà sì máa tán. Tó o bá fẹ́ mọ ilẹ̀, wàá wá ibi gíga gùn, wàá wo ibi tí òjìji dorí kọ, wàá tẹ̀ lé etí odò, wàá to òkúta jọ ṣe àmì kó o lè rí ọ̀nà padà sídìí ọkọ̀. O lè sọ ibi tó o bá rí lórúkọ. O lè pa àgọ́ síbẹ̀. Àmì tó o ṣe àti orúkọ tó o sọ ibẹ̀ á sì wà níbẹ̀ nígbàkigbà tó o bá padà wá. Máàpù ò sí. Ẹni tó bá fẹ́ máàpù, kó fọwọ́ ara rẹ̀ yà á.

Ọ̀gá ní kò sẹ́ni tó máa fẹ́ irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, àwọn kan bú wa bí ẹni láyin. Àmọ́ àwọn tó fẹ́ ẹ, wọ́n fẹ́ ẹ dénú. Ọ̀kan nínú wọn ni Màmá Tíṣà.

A ò tíì rí màmá yìí sójú nígbà yẹn. Lẹ́tà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa lórí kọ̀ǹpútà. "Ẹ̀yin ọmọ mi" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì gùn ju ìwàásù lọ. Wọ́n ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n làwọn fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní jọ́gíráfì, pé àwọn máa ń kó wọn gun òkè, tí àwọn òbí á máa ráhùn pé bàtà ọmọ àwọn ti gbó. Wọ́n ní egungun ìbàdí àwọn ṣẹ́ ní ilé ìwẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, dókítà sì ti ní kí àwọn má rìn jìnnà mọ́. Ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé kọ̀ǹpútà síwájú fèrèsé fún wọn kí ọjọ́ má bàa gùn jù lójú wọn. Bí wọ́n ṣe bá géèmù wa pàdé nìyẹn. Àwọn ẹlòmíì ti dé ẹgbẹ̀rún ayé. Màmá ní ẹyọ kan péré ti tó àwọn, àwọn ò tíì mọ ìdajì rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá kan ojú abẹ níkòó. "Àmọ́ o, ta ló ń ṣètò odò nínú yín? Odò kan wà nítòsí àgọ́ mi tó ń ti àfonífojì gun òkè lọ. Nígbà tó dé ìdajì ọ̀nà, ó pín sí méjì, apá kan lọ, apá kan bọ̀. Omi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Omi ò ní orúnkún."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ayàwòrán kọ OMI Ò NÍ ORÚNKÚN sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì Afinimọ̀nà. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, torí òótọ́ ni. Ìlà lásán ni àwọn odò wa, kọ̀ǹpútà kàn ń fà wọ́n kọjá lórí ilẹ̀ ni, kò bèèrè ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀. Lẹ́tà kejì dé, àwòrán tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù yà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta dé, wọ́n ṣàlàyé bí àwọn odò kéékèèké ṣe ń dà pọ̀ mọ́ odò ńlá, bí ìka ṣe ń wọ àtẹ́lẹwọ́. Afinimọ̀nà dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Màmá, ẹ ṣeun. Màá tún un ṣe."

Oṣù mẹ́jọ ló fi tún un ṣe. Kò kàn fi nǹkan bo àléébù rẹ̀: ó kọ ìlànà tuntun pátápátá. Ó jẹ́ kí òjò rọ̀ sórí ayé kọ̀ọ̀kan, kí omi wá ọ̀nà ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀, kó máa jẹ ilẹ̀ lọ, kó máa da iyanrìn sílẹ̀ níbi tó bá ti rọra ń ṣàn. Lọ́jọ́ tí òjò gidi bá rọ̀, á lọ dúró sẹ́bàá gọ́tà iwájú ọ́fíìsì, á máa wo bí omi ṣe ń kó iyanrìn jọ, àwọn aránṣọ á sì máa wò ó látẹnu ọ̀nà bí ẹni wo wèrè. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé tí òun bá da omi ìfọbọ́ nù nílé, ọkọ òun á ní kí òun tún un dà.

Nígbà tó parí, ó pè wá wá wò ó. Mi ò ní purọ́, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣomi. A dúró lórí òkè kan, a rí odò kan látorísun rẹ̀ títí dé etí òkun, kò sí ibi tó parọ́.

Èmi ni mo bèèrè. "Ilẹ̀ ti yí padà nìyẹn. Àwọn ayé àtijọ́ ńkọ́? Àwọn tó ti pàgọ́ síbẹ̀ ńkọ́?"

"Èèyàn mélòó ló ń padà síbì kan náà?" Ó ti wo àkọsílẹ̀. "Ọ̀pọ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wò yíká, wọ́n á lọ. Àwọn tó ń padà síbì kan náà léraléra ò ju ogójì lọ. Ogójì péré, Arídìí, nínú gbogbo ogunlọ́gọ̀ yẹn."

"A lè jẹ́ kí ìlànà àtijọ́ ṣì máa ṣiṣẹ́ fún ogójì yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la máa fi ṣe é."

Ọ̀gá gbé ojú sókè. "Afinimọ̀nà, ìwọ lo kọ ọ́. Ohun tó o bá wí la máa ṣe."

Ó wo bébà tó wà lára ògiri. "Mi ò fẹ́ kí irú odò yẹn wà níbì kankan mọ́," ló sọ. "Ojú ń tì mí."

Mo sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mi ò sọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ṣẹ́ kù. Àmì àti àgọ́ táwọn èèyàn ti gbé kalẹ̀ ní láti wà níbì kan, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ abẹ́ wọn ti yí padà. Òmíì á bọ́ sódò, òmíì á máa rọ̀ dirodiro lójú afẹ́fẹ́. Afinimọ̀nà ní kí kọ̀ǹpútà pa gbogbo wọn rẹ́, tòun ti orúkọ wọn. A ṣe ẹ̀dà àwọn àmì àtijọ́ pa mọ́, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ máa ń wà lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀rọ á pa á rẹ́ fúnra rẹ̀.

Kò sí ìkankan nínú wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó rántí pé Màmá Tíṣà á wà lára ogójì yẹn. Ẹni tó tọ́ka sí odò náà fún wa, ẹ̀gbẹ́ odò yẹn gan-an ni wọ́n ń gbé.

Ìlànà tuntun jáde. Ìyìn rọ̀ lé wa lórí. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí irú rẹ̀ rí, wọ́n ní ó dà bí ilẹ̀ gidi. Ọ̀gá gbọn ọwọ́ Afinimọ̀nà títí apá fi ro ó. Lọ́jọ́ kejìlélógún, lẹ́tà kan dé sọ́dọ̀ rẹ̀, òun nìkan ló sì kà á.

"Ẹ káàsán o. Èmi ni ọmọ Màmá Tíṣà tó máa ń kọ̀wé sí yín. Màmá ní kí n bá àwọn bi yín léèrè kí ni àwọn tẹ̀ tí kò yẹ káwọn tẹ̀. Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń wá àgọ́ wọn, wọn ò rí i. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé àwọn ṣi nọ́mbà kà, torí ojú àwọn ò fi bẹ́ẹ̀ dáa mọ́. Wọ́n ti ń tún gbogbo ìwé wọn kà látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti ba nǹkan jẹ́ fún yín, ẹ má bínú."

Ó pa lẹ́tà náà dé. Kò sọ fún ọ̀gá, kò sọ fún mi, kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àràárọ̀ lòún ń ṣí i, òun á kọ "Màmá, ẹ má bínú," òun á sì tún pa á rẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ lọ bá wọn lọ́wọ́ òfo. Ó fẹ́ wá àtúnṣe ná. Ó ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la. Àtúnṣe tó ń wá sì rèé, orí tábìlì mi ló wà, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí tiẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ló gbà.

Ó bá mi sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹrìnlélọ́gbọ̀n.

"Ẹ̀dà àwọn àmì àtijọ́, ṣé ó ṣì wà?"

Mo ka ọjọ́ lára kàlẹ́ńdà. "Rárá o. Ó ti pa rẹ́ lọ́jọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Kí ló dé?"

Ó jókòó sórí páálí kan tó wà nílẹ̀, ó na fóònù rẹ̀ sí mi, mo sì ka lẹ́tà náà. Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo rí ojú rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló là á mọ́lẹ̀ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Má kọ lẹ́tà kankan. Dìde, kó o lọ bá wọn nílé." Afinimọ̀nà bẹ̀ mí pé kí n sin òun. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba òun, mo sì ní kò tún mọ̀nà, ó tó ìdí méjì. Ìlànà àtijọ́ ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, nítorí náà ó lè mú ilẹ̀ àtijọ́ jáde. Àwọn àmì nìkan ni kò lè mú jáde. A gbé e sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, a sì lọ lọ́jọ́ Sátidé, lọ́sàn-án.

Ọmọ màmá náà ló ṣílẹ̀kùn. Aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín sí wa. Yàrá Màmá wà nísàlẹ̀, fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ibi tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Tábìlì kan wà níbẹ̀, rúlà kan, pẹ́ńsùlù tí wọ́n fi abẹ gbẹ́ lẹ́nu, àti ìwé méje tí wọ́n fi bébà dé lẹ́yìn bíi tọmọ iléèwé. Màmá kéré ju bí lẹ́tà wọn ṣe rí lọ. Gíláàsì méjì ni wọ́n lò, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí.

Afinimọ̀nà fẹ́ kúnlẹ̀. "Jókòó, jókòó," ni wọ́n wí. "Ìbàdí tèmi ló ṣẹ́, má fi tìẹ ṣeré. Ṣé ìwọ lo ń ṣètò odò?"

"Èmi ni, Mà. Màmá, ẹ ò tẹ nǹkan kan. Ẹ ò ṣi nọ́mbà kà. Èmi ni mo yí gbogbo ẹ̀ padà."

"Ṣé torí odò tí mo wí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Háà." Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. "Ẹnu mi yìí náà. Ẹnu tí kì í gbélé."

"Kì í ṣe ẹ̀bi yín rárá, Mà."

"Mo kàn ní kẹ́ ẹ mọ̀ ni, mi ò ní kẹ́ ẹ gbé e lọ. Odò yẹn, àràárọ̀ ni mò ń bú u kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Màá ní, 'Ìwọ aláìgbọ́ràn yìí, o ṣì ń gun òkè?' Ó ti mọ́ mi lára."

Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó ní òun gbé ilẹ̀ àtijọ́ wá. Màmá sún mọ́ ọn kíákíá, wọ́n fa ìwé kẹta yọ. Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Màmá ń kàwé, Afinimọ̀nà ń tẹ bọ́tìnnì, èmi dúró lẹ́yìn wọn. "Láti òkè olórí méjì, ìṣísẹ̀ irínwó sápá òsì. Rọra, ibẹ̀ yẹn ń yọ̀." Gbogbo ibẹ̀ ló ní orúkọ. Odò kékeré kan tó ń fà nílẹ̀ ń jẹ́ Apẹ́lẹ́yìn, wọ́n fi sọrí ọmọ iléèwé kan tí kò dé kíláàsì lásìkò rí. Òkè kan ń jẹ́ Olówó Orí Mi. "Ọkọ mi nìyẹn," ni Màmá wí. "Tó bá wà láyé, kò ní gùn ún. Ọ̀lẹ gbáà ni ní ti ẹsẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere."

Nígbà tá a dé ibi tí àgọ́ wà, ilẹ̀ lásán la bá. Odò náà wà níbẹ̀, ó ń gun òkè bí aláìnítìjú, ṣùgbọ́n àgọ́ ò sí, òkúta tí wọ́n tò ò sí, orúkọ kankan ò jáde lójú kọ̀ǹpútà.

"A lè tún gbogbo ẹ̀ tò, Mà," ni Afinimọ̀nà sọ kíákíá. "Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ìwé yín. Èmi fúnra mi ni màá tò ó, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí á fi pé."

Màmá fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà níbi tí nǹkan kan ò sí. "Òkúta tí mo tò síbí, ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́yìn mi ni mo tò ó. Ọkàn mi ń lù kì-kì-kì nínú àga tí mo jókòó sí yìí. Mi ò mọ̀ bóyá màá dé ìdí ọkọ̀. Tí ìwọ bá tò ó báyìí, òkúta náà ni. Àmọ́ kì í ṣe òun." Wọ́n mi orí. "Ìwọ lo yọ bọ́tìnnì kúrò, àbí? Ó yẹ kó yé ẹ."

Ó yé e. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e jù.

Ọmọ Màmá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà látìgbà yẹn ló wá sọ̀rọ̀. "Ọjọ́ wo lẹ rí lẹ́tà mi?"

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ ọ́ gan-an."

"Ẹ wá dákẹ́."

"Mo dákẹ́."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé Màmá ní kí n mú àwọn lọ sọ́dọ̀ dókítà? Wọ́n ní ọpọlọ àwọn ti ń dàrú, pé àwọn ò rántí ibi táwọn ti dé rí mọ́. Gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ fi dákẹ́, wọ́n ń ka ìwé yẹn, wọ́n ń sunkún."

Mo rò pé Afinimọ̀nà máa jẹ́ kó dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún la ẹnu. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ kó má sọ ọ́, kò kà mí sí. "Ó ṣì ku ohun kan. Ẹ̀dà gbogbo ohun tẹ́ ẹ tò wà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ tí lẹ́tà yín dé. Ó wà lọ́wọ́ wa fún ọjọ́ mẹ́jọ sí i. Ká ní mo dáhùn, gbogbo ẹ̀ ì bá wà níbẹ̀ lónìí. Ojú ló ń tì mí, mi ò mọ ohun tí mo máa wí."

À ń gbọ́ ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́ níta. Màmá pa ìwé kẹta dé, wọ́n to méjèèje pọ̀, wọ́n fi rúlà lé e lórí.

"Ó dáa tó o sọ ọ́," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ọmọ wọn fún wa lómi mu.

A fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ fún wọn. Èmi àti Afinimọ̀nà rìn dé ibùdókọ̀. Ibẹ̀ ló ti ní, "Àwọn mọ́kàndínlógójì tó kù ńkọ́?"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ṣe ẹ̀dà kan fún gbogbo wọn. Mọ́kànlá dáhùn. Ọ̀kan ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan yí padà. Ọ̀kan bú u débi tí ayàwòrán ò fi lè kà á tán. Ọkùnrin kan ní òun àti àbúrò òun ni wọ́n jọ pàgọ́ síbẹ̀, pé àbúrò òun ti kú, kí wọ́n jọ̀ọ́ dá ilẹ̀ náà padà, ì báà má ní àmì. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀gá gbà. Èmi àti Afinimọ̀nà jọ ṣe é, a jẹ́ kí ìlànà àtijọ́ máa ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun fún ẹni tó bá fẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà wá. Kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan nípa bí ọ̀sẹ̀ náà ṣe jẹ́ mẹ́fà.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ọmọ Màmá gbé kọ̀ǹpútà náà padà wá. Ó ní wọ́n dúpẹ́, ojú wọn ò gbé e mọ́. Nígbà tí mo sin ín dé ìsàlẹ̀, ó sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni Màmá ṣí i lẹ́yìn tá a lọ. Wọ́n wo odò náà díẹ̀, wọ́n pa á dé, wọn ò sì bèèrè rẹ̀ mọ́. Eré àdììtú ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń lo àkókò wọn báyìí.

Afinimọ̀nà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn èèyàn ṣì ń yin àwọn odò rẹ̀. Iléèwé kan tiẹ̀ ní kó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì jọ́gíráfì, ó ní kí ọ̀gá lọ dípò òun. Tí lẹ́tà bá dé báyìí, ojú ẹsẹ̀ ló ń dáhùn, kódà tí ìdáhùn náà ò bá tíì jinná.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi í bóyá ó ṣì ń gbúròó Màmá. Ó ní òun ń pè wọ́n lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ nípa òjò, nípa ìbàdí wọn, nípa iṣẹ́ àmúrelé tí wọ́n fún ọmọbìnrin Afinimọ̀nà níléèwé. Wọn ò dárúkọ géèmù rí.

"Ó ń wù mí kí n bi wọ́n bóyá wọ́n ti dárí jì mí," ló sọ. "Àmọ́ tí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. O mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni kí n lè rí oorun sùn."

Mo ní kó ṣáà máa pè wọ́n.